Orí pánla Áísíláǹdì ní ọjà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: bó ṣe dára tó, àti ohun tó ń gbé owó rẹ̀ sókè

Orí pánla tó ń ti Áísíláǹdì wá, èyí tí ẹ ó bá nínú àpò ìdọ̀họ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja gbígbẹ ní Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Sábó ní Ṣàgámù, ni ọjà tí a ń yẹ̀ wò níbí. Fún ìkọ́kọrẹ́, a ò rí ẹja gbígbẹ mìíràn tó ń fún omi ọbẹ̀ ládùn tó o ní iye tó ń lọ. Ẹni tó fẹ́ kí ẹran ẹja kún abọ́, kó má rà á, torí egungun ló pọ̀ níbẹ̀. Ìdájọ́ lórí adùn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ló gùn, nítorí pé ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kan tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 400,000 ló ń pinnu iye àpò tó ń sọ̀kalẹ̀ ní Àpápá lọ́dọọdún. Bí owó bá lé, ìyá tó ń tà á ni wọ́n máa ń bú. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló ti wá.

Pánla tí à ń sọ yìí ni èyí tó le gbandi, tí kò ní iyọ̀ rárá, kì í ṣe pánla inú fíríìsà tí wọ́n ń yan lórí èédú. Ẹja kọ́ọ̀dù ló pọ̀ jù nínú àpò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí haddock àti saithe, ẹja òkun méjì tó jẹ́ ìbátan kọ́ọ̀dù, lè wà láàárín wọn. Ara ẹja náà kì í wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n á là á sọ́tọ̀ kúrò lára egungun, wọ́n á tà á fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Amẹ́ríkà. Orí àti egungun ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbẹ fún Nàìjíríà. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń fi ọjà yìí ṣòwò fi sọ́kàn jù lọ nìyí: kò sẹ́ni tó ń pẹja nítorí orí. Bí ìkòkò ọbẹ̀ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà bá di ìlọ́po méjì lọ́la, orí kan kò ní lé sí i, àfi bí ìjọba Áísíláǹdì bá gbà kí wọ́n pa ẹja púpọ̀ sí i.

Láyé àtijọ́, ìta ni wọ́n ń so ó kọ́ sórí igi kí afẹ́fẹ́ tútù gbẹ ẹ́, bí àwọn ará Nọ́wè ṣe ń ṣe ní Lofoten títí dòní. Òjò àti eṣinṣin kì í jẹ́ kí ti Áísíláǹdì gún régé. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbé e wọ inú ilé, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná tó ń hó lábẹ́ ilẹ̀ wọn mú afẹ́fẹ́ móoru. Ìpele méjì ni iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ gba nǹkan bí ọjọ́ kan, ooru rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 18 sí 25°C, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o sínú àpótí ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Omi tó wà nínú rẹ̀ á ti nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wá sí nǹkan bí 15. Ẹja tútù kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di kílò kan gbígbẹ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni ìpele àkọ́kọ́. Bí ooru bá pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, ẹran á fẹ́ máa sè, awọ òde á le kíákíá, omi á sì há mọ́ inú. Orí bẹ́ẹ̀ á dára lójú ní Reykjavík, olú-ìlú Áísíláǹdì, á dára lójú ní Àpápá, ṣùgbọ́n tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọ̀rinrin Ìjẹ̀bú, á bu láti inú wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìdí àpò, ẹ mú orí méjì kí ẹ fi wọ́n kan ara wọn. Èyí tó gbẹ dénú á dún kókó. Èyí tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ á dún gbì. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ibi tí orí ti pàdé ọrùn, ibẹ̀ ló máa ń gbẹ kẹ́yìn. Ẹ ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ẹ gbóòórùn ibẹ̀. Kọ́ọ̀dù kì í tọ́jú ọ̀rá sínú ẹran ara, inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rá rẹ̀ wà, òun ló jẹ́ kó ṣeé gbẹ láìfi iyọ̀ sí i, kó sì pẹ́ láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá díẹ̀ wà nínú ọpọlọ àti lẹ́yìn ojú, ibẹ̀ ni òórùn kíkorò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí nǹkan funfun bá wà lára rẹ̀, tí wọ́n ní iyọ̀ ni, ẹ má gbà: pánla kò ní iyọ̀, ó ti bu ni. Ẹ tú ìsàlẹ̀ àpò wò. Ìyẹ̀fun àti ihò wínníwínní níbẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Odindi àpò orí sábà máa ń jẹ́ 30 kílò. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n lójú ara yín, nítorí pé àwọn kan máa ń wọ́n omi sí ẹja kó lè wúwo, omi yẹn kan náà ló sì ń bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Okùn tó rán ẹnu àpò yẹ kó jẹ́ ọ̀kan náà láti òpin dé òpin. Lára àpò tàbí ìwé tí wọ́n rán mọ́ ọn, ẹ wá àmì tó rí roboto gígùn, tó ní lẹ́tà IS àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá gbóòórùn apakòkòrò, irú ọ̀tápiápiá, ẹ kúrò nídìí ẹ̀ kíá. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí fífọ́n irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ, fífi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kò sì mú un kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí owó.

Ẹja gbígbẹ kì í ṣe ọjà lásán ní Áísíláǹdì. Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni ó ti jẹ́ olórí ohun tí wọ́n ń tà síta, wọ́n sì ń fi iye ẹja ka iye ọjà mìíràn. Títí di 1903, pánla tí wọ́n dé ládé ni àmì orílẹ̀-èdè náà. Títí di òní, gbogbo owó ẹyọ wọn, láti króna kan dé 100, ohun inú òkun ló wà lára rẹ̀. Kọ́ọ̀dù ló sì wà lára króna kan.

Wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, Alþingi, sílẹ̀ láti 930, ṣùgbọ́n ní 1262 wọ́n bọ́ sábẹ́ ọba Nọ́wè, lẹ́yìn náà sábẹ́ ọba Dẹ́nmáàkì. Ní 1602, ọba Dẹ́nmáàkì fún àwọn oníṣòwò ìlú mẹ́ta péré, Copenhagen, Malmö àti Helsingør, láṣẹ láti máa bá Áísíláǹdì ṣòwò. Wọ́n pín àwọn apẹja sí èbúté, onílé kọ̀ọ̀kan ní èbúté tó gbọ́dọ̀ tà sí. Ní 1699, wọ́n na ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hólmfastur Guðmundsson ní pàṣán nítorí pé ó ta ẹja díẹ̀ ní Keflavík dípò Hafnarfjörður. Ẹ ro ó wò, obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ tajà ní Ìjẹ̀bú-Òde! Ó di 1787 kí òfin yẹn tó kúrò, ó sì di 1855 kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó lómìnira láti bá wọn ṣòwò. Wọ́n gba ìjọba abẹ́lé ní 1904, wọ́n di orílẹ̀-èdè lábẹ́ ọba kan náà ní 1918, wọ́n sì di olómìnira pátápátá ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, 1944, nígbà tí Jámánì ṣì gba Dẹ́nmáàkì mọ́lẹ̀.

Òmìnira láìní òkun kò lè bọ́ wọn. Àwọn ọkọ̀ apẹja Gẹ̀ẹ́sì wà létí ilé wọn. Ní 1952 wọ́n sún ààlà omi wọn sí máìlì mẹ́rin, ní 1958 sí 12, ní 1972 sí 50, ní 1975 sí 200. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún un láti 1958, Ìlú Ọba á rán ọkọ̀ ogun wá láti dáàbò bo àwọn apẹja tirẹ̀. Áísíláǹdì kò ní ológun rárá, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun díẹ̀ ni wọ́n ní. Láti 1972 ni àwọn ọkọ̀ yìí ti ń fa irin mímú kan lẹ́yìn, tí wọ́n á fi gba ẹ̀yìn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, tí irin náà á gé okùn àwọ̀n, ẹja àti àwọ̀n á sì lọ sísàlẹ̀ òkun.

Ìjẹ̀bú mọ irú ìjà yìí. Kí ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892 tó dé, ọ̀nà òwò láti etí ọ̀sà sí òkè wà lọ́wọ́ àwọn baba wa, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á san owó ibodè. Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí ọ̀nà yẹn. Ní ti Áísíláǹdì, ìbọn kò lè ṣiṣẹ́, nítorí ibùdó ológun Amẹ́ríkà wà ní Keflavík láti fi ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Rọ́ṣíà, Áísíláǹdì sì ń halẹ̀ pé àwọn á kúrò nínú NATO, ẹgbẹ́ ológun tí òun, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà jọ wà. Ní oṣù Kẹfà 1976, Ìlú Ọba gbà fún wọn. Bí Áísíláǹdì bá ti pàdánù ìjà yẹn ni, èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọn ì bá máa bẹ́ orí púpọ̀ nínú ẹja yìí, kì í sì í ṣe gbígbẹ ni wọn ì bá gbẹ ẹ́.

Ọjà tiwa náà wà nínú ìtàn yìí, láti ìgbà ogun Nàìjíríà. Ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń ra pánla jù, bí ogun sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọjà yẹn dí. Láàárín ọdún yẹn àti 1968, ẹja herring, ìbátan ṣàwà wa, tán lójú omi Áísíláǹdì nítorí àpajù. Ọjà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dín iye króna kù ní 1967, wọ́n tún dín in kù ní 1968. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ òwò EFTA ní 1970, wọ́n sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ amáyọ́ alumíníọ́mù dúró sí Straumsvík, torí wọ́n ti rí i pé ẹja nìkan kò ṣeé gbára lé.

Ẹ̀kọ́ herring ló bí kóótà, ìyẹn iye ẹja tí wọ́n fàyè gbà láti pa lọ́dún. Ní 1984 wọ́n pín kọ́ọ̀dù fún àwọn ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpín, òfin 1990 sì jẹ́ kí wọ́n lè ta ìpín náà fún ara wọn. Ọdún ìpẹja wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Kó tó dìgbà náà, ilé ìwádìí òkun wọn á sọ iye tó ṣeé pa, ìjọba á sì kéde rẹ̀. Ní 2007/08, wọ́n gé kóótà kọ́ọ̀dù wá sí 130,000 tọ́ọ̀nù. Ní 2019/20, ó ti gòkè dé nǹkan bí 272,000. Ní 2022/23, ó ti tún wálẹ̀ sí nǹkan bí 209,000. Nọ́ńbà yìí ni kí aláràjà máa wò, ju ohunkóhun tí agbódegbà bá sọ fún un. Ó wà fún gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni.

A gbà pé ètò yìí ló jẹ́ kí ẹja ṣì wà. Ṣùgbọ́n kò mú ìnira dání fún gbogbo èèyàn bákan náà: ìpín tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ di ohun ìní tí wọ́n ń fi yáwó ní báǹkì, ó kóra jọ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀, àwọn abúlé kan sì ṣófo nígbà tí ọlọ́kọ̀ ta ìpín rẹ̀. Ìjà lórí iye tí àwọn olówó ẹja yẹ kó máa san fún ìlú kò tíì tán níbẹ̀. Ní 2025 ni Alþingi tún ṣe òfin tó mú owó náà ga sí i.

Owó tí wọ́n fi ìpín yá wà lára ohun tó wú báǹkì wọn. Nígbà tó fi máa di 2008, ohun ìní báǹkì mẹ́ta, Kaupthing, Landsbanki àti Glitnir, ti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kẹwàá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wó. Ìlú Ọba lo òfin agbéjàkò-ìpániláyà láti fi gbẹ́sẹ̀ lé owó Landsbanki. Króna fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdajì lọ́dún yẹn. IMF yá wọn ní bílíọ̀nù 2.1 dọ́là, ìjọba sì fi òfin dí owó mọ́lé títí di 2017. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dìbò, ní 2010 àti 2011, pé àwọn ará ìlú kò ní san gbèsè Icesave, owó tí àwọn ará Ìlú Ọba àti Netherlands fi pamọ́ sọ́dọ̀ Landsbanki, tí báǹkì aládàáni jẹ; kóòtù EFTA sì dá wọn láre ní 2013. Ẹni tó ń ta ẹja síta ni nǹkan ṣẹnuure fún, nítorí dọ́là tàbí yúrò ló ń gbà, króna tó ti rọ̀ ló sì fi ń san owó òṣìṣẹ́.

Tiwa ni ìdàkejì rẹ̀. Dọ́là la fi ń rà, náírà la fi ń tà. Nígbà tí dọ́là wọ́n ní 2015 àti 2016, àwọn ilé ìgbẹja Áísíláǹdì dín iṣẹ́ kù nítorí pé Nàìjíríà kò lè sanwó. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, owó àpò fò sókè bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe òkun wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bèèrè iye kílò, kì í ṣe iye orí. Bí owó bá ti lé, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ja ń ṣe ni pé wọ́n á fi iye sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á sì máa yọ orí ńlá kúrò.

Ní ti sísè, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn èèyàn ń se orí bí ẹni tó ń se ara pánla Nọ́wè. Odindi ara nílò kó sùn nínú omi mọ́jú. Orí Áísíláǹdì kò nílò rẹ̀. Bó bá sùn mọ́jú, adùn rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fi kànìnkànìn fọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹnu rẹ̀, kí ẹ da omi yẹn nù. Fún ewùrà kílò kan àbọ̀, orí méjì tó wọn nǹkan bí 200 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi lítà kan àbọ̀ àti àlùbọ́sà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí ẹran bá ti ń fi egungun sílẹ̀, ẹ gbé orí jáde. Omi yẹn ni ẹ rà á fún.

Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ ṣà ẹran àti awọ rẹ̀, pàápàá ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dùn jù, kí ẹ sì da gbogbo egungun nù kí ewùrà tó wọlé. Ẹni tó bá se orí títí ó fi túká sínú ìkòkò, kò ní rí egungun wínníwínní yọ mọ́ nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ bá ti dì, ó sì léwu fún ọmọdé. Ẹ wá da ata lílọ̀, epo pupa àti edé sínú omi náà, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, kí ẹ tó máa já ewùrà rínrín sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ dé e, ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí kókó rẹ̀ lè dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ẹran orí padà. Ìkẹyìn ni kí ẹ fi iyọ̀ sí i, torí pé pánla kò ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mágì, ìdajì iye tí ẹ máa ń lò ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀gúsí tí ẹran ẹja hàn nínú rẹ̀, ara pánla Nọ́wè ni kí ẹ náwó lé. Òórùn rẹ̀ lágbára ju èyí lọ nítorí ìta ló ti gbẹ, ẹran rẹ̀ sì nípọn. Orí kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Fún ẹni tó ń rà á láti tà: ìgbà tí kọ́ọ̀dù pọ̀ jù lójú omi wọn ni oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, nítorí náà ẹ fi ìgbà gbígbẹ àti ìrìn kọ̀ǹténà kún un kí ẹ lè mọ ìgbà tó máa dé. Èèyàn mẹ́ta lè dá owó ra àpò kan kí wọ́n pín in lórí ìwọ̀n, ìyẹn sàn ju kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ra ẹyọ. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá. Inú àpò ìdọ̀họ tàbí agbọ̀n ni kó wà, lórí pákó tó ga sókè kúrò nílẹ̀ sìmẹ́ńtì, jìnnà sí ògiri. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí oòrùn bá ràn, ẹ sá a fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dá a padà. Èyí tó bá bá òjò oṣù Kẹfà nílé, ẹ tètè tà á kódà bí èrè rẹ̀ bá kéré.